Jíjò, Sísun àti Mímu: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Àyẹ̀wò Ẹ́ńjìnnì Onítọ́bò

1.0 Ìfáàrà

Kò sí àní-àní pé iṣẹ́ ribiribi ni a ti ṣe lórí ọ̀rọ̀-ìperí ní èdè Yorùbá. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú ìpín kìíní rẹ̀ ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì jẹ́ olóòtú ìpín kejì ní 1990, ti mú kí ó rọrùn fún olùkọ́ láti fi Yorùbá kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè àti lítíréṣọ̀. Ṣáájú èyí ni ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ti fi hàn pé ọmọ lè kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ní èdè abínibí rẹ̀ kí ó sì yege. Síbẹ̀, ibì kan wà tí àwa onímọ̀ èdè kò tíì fi bẹ́ẹ̀ tẹ etí sí, bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lójoojúmọ́ láìdúró dè wá. Ibẹ̀ náà ni ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì.

Èdè àwọn mẹkáníìkì Okokomaiko, Ìba àti Ọ̀jọ́, lẹ́bàá òpópónà tí ó lọ láti Èkó sí Àgbádárìgì, ni a gbé iṣẹ́ yìí kà. Àdúgbò yìí kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ọ̀jọ́ ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní 1975. Àwọn ọkọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ sí ìjàpá wà lára èyí tí ó ti ibẹ̀ jáde. Ọ̀nà yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ gbà wọlé láti Kútọnu, kí ìjọba tó fòfin de gbígbé ọkọ̀ wọlé gba orí ilẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017.

Ẹ́ńjìnnì ìjàpá kò ní tọ́bò. Ọwọ́ ọ̀gá tí ó mọ ìjàpá dunjú ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì tí ó ń ṣiṣẹ́ lónìí ti kọ́ṣẹ́, tàbí lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yí padà, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ àìsàn rẹ̀ kò yí padà tó bẹ́ẹ̀. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé àìtó ọ̀rọ̀ lè di àìtó ìmọ̀, àti pé àìtó ìmọ̀ ní ibi iṣẹ́ a máa di owó, nígbà mìíràn a sì máa di ẹ̀mí.

1.1 Ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó bí iṣẹ́ yìí

Ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan tí ó ní tọ́bò ni òǹkọ̀wé yìí ń gùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, èéfín aláwọ̀ aró bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde láti ẹnu sàlẹ́ńsà rẹ̀. Mẹkáníìkì tí a kọ́kọ́ gbé e lọ bá tú họ́ọ̀sì kan, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó sì fi ọ́ìlì tí ó rí hàn wá. Ó ní, ‘Tọ́bò yín ń jò. Ó ti kú.’ A ra tọ́bò tòkunbọ̀ mìíràn ní owó tí ó ju owó oṣù kan lọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí èéfín náà fi padà, bí ẹni pé kò lọ rí.

Bàbá àgbàlagbà kan ní Okokomaiko ni ó yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ó gbọ́ ìtàn wa tán, ó sì béèrè pé, ‘Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, ṣé tọ́bò ni ó ń jò ni, àbí ọ́ìlì ni kò rí ọ̀nà lọ sílé?’ Ó tú páìpù tí ọ́ìlì ń gbà padà láti inú tọ́bò sínú ẹ́ńjìnnì. Gọ́ọ̀mù tí ẹnì kan fi lẹ gáskẹ́ẹ̀tì ti wú sínú ihò páìpù náà, ó sì ti dí i ju ìdajì lọ. Bàbá nu páìpù náà, ó gé gáskẹ́ẹ̀tì tuntun sí i. Èéfín náà kò padà mọ́. Tọ́bò àkọ́kọ́, tí wọ́n ní ó ti kú, kò ní àrùn kankan.

Nígbà tí a ronú jinlẹ̀, a rí i pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ‘jò’, ni ó mú wa ná owó náà. Bí ènìyàn bá ní nǹkan ‘ń jò’, ìtumọ̀ tí ó wá sí wa lọ́kàn ni pé nǹkan náà ti lu. Ohun tí ó bá sì lu, kí a pààrọ̀ rẹ̀. Ìbéèrè Bàbá pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì, ìpín náà sì ni ó jẹ́ ìwòsàn.

2.0 Ohun tí tọ́bò jẹ́: ẹwìrì tí èéfín ń yí

Kí a tó lè sọ̀rọ̀ àìsàn, ó yẹ kí a mọ bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́. Iná ni ẹ́ńjìnnì fi ń ṣiṣẹ́. Iná sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́. Alágbẹ̀dẹ mọ èyí tipẹ́. Bí iná èédú rẹ̀ kò bá mú tó, kò ní kan èédú nìkan ni yóò kó sí i. Ẹwìrì ni yóò fi fínná. Afẹ́fẹ́ tí ẹwìrì fún wọlé ni ó ń jẹ́ kí èédú kan náà mú ooru tí ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ wá.

Ẹwìrì ni tọ́bò. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti alágbẹ̀dẹ ni pé kì í ṣe ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ ni ó ń tẹ̀ ẹ́. Èéfín gbígbóná tí ó ń jáde lọ láti inú ẹ́ńjìnnì, tí ìbá kàn gba sàlẹ́ńsà lọ, ni a darí sí ara kẹ̀kẹ́ kékeré kan tí ó ní abẹ̀bẹ̀. Èéfín yí kẹ̀kẹ́ yìí. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan so ó pọ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́ kejì ní òdìkejì. Kẹ̀kẹ́ kejì yìí ni ó ń fa afẹ́fẹ́ mímọ́ láti inú asẹ́, tí ó sì ń fún un wọ inú ẹ́ńjìnnì. A ó máa pe èkíní ní kẹ̀kẹ́ èéfín, a ó sì máa pe èkejì ní kẹ̀kẹ́ afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ a máa gbóná. Nítorí náà a máa ń mú un gba inú rédíétọ̀ afẹ́fẹ́ kọjá kí ó tó wọ ẹ́ńjìnnì.

Alfred Büchi, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ni ó gba ìwé-àṣẹ ìdásílẹ̀ fún èrò yìí ní 1905. Inú ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ òfuurufú ni a ti kọ́kọ́ lò ó dáadáa. Ní 1962 ni ilé-iṣẹ́ General Motors ní Amẹ́ríkà gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ onítọ́bò méjì jáde fún títà: Oldsmobile Jetfire àti Chevrolet Corvair Monza. Ẹ̀kọ́ kan wà fún wa nínú ìtàn Jetfire. Ọkọ̀ yìí ní ike omi kan tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ máa rọ kún, kí ooru má bàa pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí tọ́bò bá ń ṣiṣẹ́. Omi àti ọtí mẹtanọ́ọ̀lù ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ tí ilé-iṣẹ́ náà sọ ọ́ jẹ́ orúkọ ìpolówó, tí ó ń sọ nípa rọ́kẹ́ẹ̀tì. Orúkọ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò sọ iṣẹ́ tí omi náà ń ṣe. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni kò rọ ọ́ kún, ọkọ̀ wọn a sì di aláìlágbára. Lẹ́yìn 1963, a kò ṣe Jetfire mọ́. A kò sọ pé orúkọ nìkan ni ó pa á. Ohun tí a ń sọ ni pé orúkọ tí kò fi iṣẹ́ hàn kò ran ẹni tí yóò lo nǹkan lọ́wọ́.

3.0 Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin fún ọ̀rọ̀ kan

Yorùbá kì í ṣe èdè tí ó tòṣì ní ti omi. Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí.

(i) Jò. Ilé ń jò. Igbá ń jò. Ohun tí ó yẹ kí ó gba nǹkan dúró ti lu, nǹkan náà sì ń gba ojú ihò náà jáde.

(ii) Sun. Inú rẹ̀ ni a ti rí ìsun àti orísun. Omi ń sun láti ara àpáta láìsí ihò tí ojú rí. Ó kàn ń rin ara àpáta náà díẹ̀díẹ̀.

(iii) Kán. Omi ń kán tó, tó, tó. Ọ̀rọ̀ yìí ń sọ nípa bí ohun olómi ṣe ń bọ́ sílẹ̀, kò sọ ibi tí ó ti wá.

(iv) Mu. Ọkọ̀ ń mu ọ́ìlì. Kò sí ohun tí ó kán sílẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n gééjì ọ́ìlì ń lọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Inú iná ni ọ́ìlì náà ń gbà lọ.

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni àwọn mẹkáníìkì ń lò nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n wọn kò yà wọ́n sọ́tọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń dá àrùn mọ̀. Àbá wa ni pé kí a sọ ìyàtọ̀ yìí di òfin nínú ìwé ìkọ́ni: kí jíjò dúró fún ojú ìso tàbí páìpù tí ó ti lu, kí sísun dúró fún ọ́ìlì tí ó kàn ń rin ara irin, kí mímu dúró fún ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì ń jó. A ó sì fi ìkarùn-ún kún un, èyí tí a rí kọ́ lẹ́nu Bàbá Okokomaiko: kíkún padà. Èyí ni ọ́ìlì tí kò rí ọ̀nà lọ sílé, tí ó sì wá ọ̀nà mìíràn gbà, gẹ́gẹ́ bí omi gọ́tà tí ìdọ̀tí dí lẹ́nu ṣe ń kún padà wọ àgbàlá.

4.0 Àyẹ̀wò ọ́ìlì

4.1 Ìdí tí ọ́ìlì fi wà nínú tọ́bò

Ọ̀pá tí ó so kẹ̀kẹ́ méjèèjì pọ̀ lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Nínú ẹ́ńjìnnì tí ń lo pẹtiróòlù, èéfín tí ó ń yí i lè gbóná tó 900 sí 1,000 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Kò sí irin tí yóò fara gbá irin lọ́nà bẹ́ẹ̀ tí yóò pẹ́. Nítorí náà, orí ọ́ìlì ni ọ̀pá náà ń léfòó lé. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń gbé ọ́ìlì wọlé láti òkè pẹ̀lú ìfúnpá. Páìpù tí ó tóbi jù ú lọ ń gbé e jáde láti ìsàlẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí a tẹnu mọ́ nìyí: pọ́ǹpù ni ó ń ti ọ́ìlì wọlé, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kò sí ohun tí ó ń fà á jáde. Fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣàn sílẹ̀ bí omi òjò ṣe ń ṣàn láti orí páànù. Ríìǹgì irin tí ó wà ní ìdí kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan kì í ṣe ìdérí tí ó dí pinpin. Ìfúnpá afẹ́fẹ́ àti èéfín tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ó ń ràn án lọ́wọ́ láti dá ọ́ìlì dúró. Bí ọ̀nà àbájáde bá dí, ọ́ìlì yóò kún inú tọ́bò, yóò sì gba ẹ̀gbẹ́ ríìǹgì kọjá, bí ríìǹgì náà tilẹ̀ jẹ́ tuntun. Kíkún padà nìyí.

4.2 Ìtòtẹ̀léra àyẹ̀wò

Ohun àkọ́kọ́ ni kí a fọ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì mọ́ nígbà tí ó bá tutù, kí a wa ọkọ̀ náà díẹ̀, kí a sì tún wò ó. Ọ́ìlì a máa ṣàn sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ìrìn a sì máa gbé e sẹ́yìn. Nítorí náà, ibi tí ó ti ń kán kọ́ ni ibi tí ó ti wá. Òkè ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá orísun rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ìdérí orí ẹ́ńjìnnì ni ó ń sun, tí ọ́ìlì rẹ̀ sì ń ṣàn dé ara tọ́bò. Kí a má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí: ọ́ìlì tí ó kán sí ara irin tí ó gbóná bẹ́ẹ̀ lè gbiná.

Lẹ́yìn èyí, kí a wo èéfín. Èéfín aláwọ̀ aró jẹ́ àmì pé ẹ́ńjìnnì ń mu ọ́ìlì. Èéfín dúdú jẹ́ àmì pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Èéfín funfun tí kò tètè tán lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná lè jẹ́ ti omi rédíétọ̀ tí ó wọ inú iná, tàbí ti dísù tí kò jó. Ṣùgbọ́n àwọ̀ aró nìkan kò tíì dá tọ́bò lẹ́bi. Ríìǹgì pístìnnì tí ó ti jẹ lè mú irú èéfín kan náà wá.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni èémí ẹ́ńjìnnì. Inú ikùn ẹ́ńjìnnì ni ọ́ìlì tọ́bò ń ṣàn padà sí. Bí ọ̀nà tí ikùn náà ń gbà mí bá dí, tàbí bí ríìǹgì pístìnnì bá ti jẹ tí iná ń fẹ́ wọ inú ikùn, ìfúnpá ibẹ̀ yóò ga, ọ́ìlì kò sì ní lè wọlé. Bí a bá ṣí ìdérí ibi tí a ń rọ ọ́ìlì sí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tí afẹ́fẹ́ sì ń tú jáde pẹ̀lú agbára, kí a kọ́kọ́ wá ìdí rẹ̀ kí a tó fọwọ́ kan tọ́bò.

Ìkẹrin ni asẹ́ afẹ́fẹ́. Eruku ojú ọ̀nà wa kì í ṣe kékeré. Asẹ́ tí ó ti dí yóò mú kí kẹ̀kẹ́ afẹ́fẹ́ máa fa òfìfo, òfìfo náà yóò sì fa ọ́ìlì jáde láti ẹ̀gbẹ́ ríìǹgì.

Ìkarùn-ún ni páìpù méjèèjì tí a ti dárúkọ. Ìgbẹ̀yìn pátápátá ni kí a tó yẹ ọ̀pá tọ́bò fúnra rẹ̀ wò. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú tí ó sì ti tutù, kí a yọ họ́ọ̀sì afẹ́fẹ́, kí a fi ìka méjì di ìdí kẹ̀kẹ́ mú. Bí a bá mì í sọ́tùn-ún sósì, yóò mì díẹ̀. Kò burú, nítorí ààyè tí ọ́ìlì máa ń wà ni. Ṣùgbọ́n bí a bá tì í síwá sẹ́yìn, kò yẹ kí ọwọ́ mọ̀ pé ó rìn. Bí ó bá ń rìn síwá sẹ́yìn, tàbí tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ti ha ara ilé rẹ̀, nígbà náà ni a tó lè sọ pé tọ́bò ti kú.

Ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a rí nínú họ́ọ̀sì kì í ṣe ẹ̀rí ikú. Inú họ́ọ̀sì kan náà ni èémí ikùn ẹ́ńjìnnì ń gbà, èémí náà a sì máa gbé ìrì ọ́ìlì díẹ̀ dání. Èyí gan-an ni mẹkáníìkì wa àkọ́kọ́ fi ìka kàn.

4.3 Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí

Ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù tí ó ń mu ọ́ìlì yóò rú èéfín, yóò sì ba pọ́lọ́ọ̀gì jẹ́. Ti ẹ́ńjìnnì dísù le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dísù kò nílò pọ́lọ́ọ̀gì kí ó tó jó. Ọ́ìlì náà kò sì nílò rẹ̀. Bí ọ́ìlì púpọ̀ bá gba inú tọ́bò wọ ẹ́ńjìnnì dísù, ẹ́ńjìnnì náà lè máa sáré fúnra rẹ̀. A pa kọ́kọ́rọ́, kò kú, yóò sì máa sáré sí i títí yóò fi fọ́. Dídí ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ pa ni ó lè dá a dúró, kì í ṣe ọwọ́ lásán ni a sì fi ń ṣe é. Ọmọ iṣẹ́ tí a kò bá fún ní ọ̀rọ̀ tí ó ya mímu sọ́tọ̀ kúrò lára jíjò, báwo ni a ó ṣe kìlọ̀ ewu yìí fún un?

5.0 Àyẹ̀wò ìdarí afẹ́fẹ́

5.1 Èlé-ìfúnpá

Ìfúnpá ni ọ̀rọ̀ tí àwọn elétò ìlera ti ń lò fún ipá tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti iṣan. Ìfúnpá kan náà ni oògùn tí àwọn baba wa ń dè mọ́ apá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò ṣi méjèèjì gbọ́. Nítorí náà a faramọ́ lílò rẹ̀ fún afẹ́fẹ́.

Ohun tí ó ṣòro ni ọ̀rọ̀ fún ìfúnpá tí tọ́bò fi kún ti ayé. Afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká ní ìfúnpá tirẹ̀, nǹkan bí báà 1, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 15 lórí géèjì àwọn tí ń fẹ́ táyà. Ṣùgbọ́n géèjì wọn kì í ka èyí. Bí a kò bá fi í sí ẹnu táyà, òfo ni ó ń fi hàn. Ohun tí ó bá lé lórí ti ayé nìkan ni ó ń kà. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún ohun tí ó lé lórí ojú owó: èlé ni. A dábàá èlé-ìfúnpá. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, èlé yìí kì í sábà ju báà 0.5 sí 1 lọ. Bí ó bá kéré ju bí ó ṣe yẹ lọ, àìpé èlé ni. Bí ó bá pọ̀ jù, àpọ̀jù èlé ni. Àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé a máa kọ èyí sínú bíréènì wọn: àmì P0299 dúró fún àìpé èlé, P0234 sì dúró fún àpọ̀jù rẹ̀.

5.2 Ilẹ̀kùn àbùjá

Bí èéfín bá ṣe ń pọ̀ sí i ni kẹ̀kẹ́ yóò máa yára sí i, bí kẹ̀kẹ́ bá sì ṣe ń yára sí i ni èéfín yóò máa pọ̀ sí i. Bí a kò bá dá a lẹ́kun, yóò fọ́ ẹ́ńjìnnì. Nítorí náà ni ilẹ̀kùn kékeré kan ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ èéfín. Bí èlé bá ti tó, ilẹ̀kùn yìí yóò ṣí, apá kan èéfín yóò sì gba ibẹ̀ lọ tààrà sí sàlẹ́ńsà láìkan kẹ̀kẹ́.

Orúkọ tí èdè Gẹ̀ẹ́sì fún ilẹ̀kùn yìí ń sọ nípa ìfiṣòfò. Bí atúmọ̀ èdè bá tú u ní olówuuru, yóò pè é ní ẹnu ọ̀nà ìfiṣòfò. Ta ni yóò gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ tí kò ní fẹ́ dí i pa, kí nǹkan má bàa ṣòfò? Ẹni tí ó bá sì dí i pa yóò gbádùn agbára púpọ̀ fún ìwọ̀nba ọjọ́. Lẹ́yìn náà ni pístìnnì yóò yọ́ tàbí gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì yóò fẹ́. Àbùjá ni ọ̀rọ̀ tí ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu: ọ̀nà tí a gbà kí a má bàa gba ojú ọ̀nà ńlá. Ilẹ̀kùn àbùjá ni a ó máa pè é.

Agolo kékeré kan ni ó ń ṣí i. Awọ rọ́bà àti sípíríìǹgì wà nínú agolo náà, ọ̀pá kan sì so ó mọ́ ilẹ̀kùn. Nínú irú kan, ìfúnpá afẹ́fẹ́ láti inú tọ́bò ni ó ń ti awọ náà tí ilẹ̀kùn fi ń ṣí. Nínú irú mìíràn, òfìfo ni ó ń fa awọ náà. Fáàfù oníná tí bíréènì ń darí ni ó máa ń wà láàárín wọn. Kí a mọ irú tí ó wà níwájú wa kí a tó dájọ́, nítorí họ́ọ̀sì kan náà tí ó já lè mú àpọ̀jù èlé wá nínú irú kìíní, kí ó sì mú àìpé èlé wá nínú irú kejì.

5.3 Ìtòtẹ̀léra àyẹ̀wò

Bí èlé kò bá pé, kí a kọ́kọ́ fura sí afẹ́fẹ́ tí ó ń jò. Níhìn-ín, jíjò ni ọ̀rọ̀ tí ó tọ̀nà. Họ́ọ̀sì tí ó ya, ìdè tí ó tú, tàbí rédíétọ̀ afẹ́fẹ́ tí ó sán, gbogbo wọn ni ó lè sú bí ìfèé nígbà tí a bá tẹ ọkọ̀ níná. Ọgbọ́n àwọn tí ń lẹ táyà ni kí a lò: kí a dí ẹnu méjèèjì, kí a fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i, kí ó má ju ìwọ̀n èlé ọkọ̀ náà lọ, kí a sì fi ìfófòó ọṣẹ pa ojú ìso kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ìfófòó bá ti wú, ibẹ̀ ni àrùn wà.

Bí kò bá sí ibi tí ó ń jò, kí a wo asẹ́ afẹ́fẹ́, kí a wo bóyá èéfín ń tú kí ó tó dé kẹ̀kẹ́, kí a sì wo bóyá sàlẹ́ńsà ti dí. Lẹ́yìn náà ni kí a fi pọ́ǹpù ọwọ́ fún agolo ní ìfúnpá tàbí òfìfo tí ó tọ́ sí i. Ọ̀pá rẹ̀ gbọ́dọ̀ rìn geere, kí ó sì dúró níbi tí ó dé. Bí ó bá ń yọ̀ padà, awọ inú rẹ̀ ti ya. Bí agolo bá dára tí ilẹ̀kùn kò sì mira, ìpẹtà ti gbá ilẹ̀kùn mú.

Bí èlé bá pọ̀ jù, ilẹ̀kùn tí kò ṣí, họ́ọ̀sì agolo tí ó já, àti fáàfù oníná tí ó lẹ̀ ni kí a fi ojú sí. Kí a má sì máa wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kiri láti dán an wò.

6.0 Àkójọ ọ̀rọ̀-ìperí

Ìlànà mẹ́ta ni a tẹ̀ lé. Èkíní, ọ̀rọ̀-àyálò tí ó ti wà lẹ́nu gbogbo mẹkáníìkì, kí a fi í sílẹ̀: tọ́bò, họ́ọ̀sì, gáskẹ́ẹ̀tì. Kò sí èrè nínú fífún ohun tí ó ti lórúkọ ní orúkọ mìíràn. Èkejì, ohun tí kò bá ní orúkọ, tàbí tí orúkọ àjèjì rẹ̀ ń ṣini lọ́nà, iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni kí a fi sọ ọ́. Ẹ̀kẹta, kí a lo ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ti ní kí a tó ṣẹ̀dá tuntun.

Àbùjá, ilẹ̀kùn: ibi tí èéfín ń gbà kọjá láìyí kẹ̀kẹ́.
Agolo aṣílẹ̀kùn: ohun tí ó ń ṣí ilẹ̀kùn àbùjá tí ó sì ń tì í.
Èémí ikùn: afẹ́fẹ́ tí ó gbọ́dọ̀ jáde láti ikùn ẹ́ńjìnnì.
Èlé-ìfúnpá: ìfúnpá tí ó lé lórí ti afẹ́fẹ́ ayé.
Kẹ̀kẹ́ afẹ́fẹ́: èyí tí ó ń fún afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì.
Kẹ̀kẹ́ èéfín: èyí tí èéfín ń yí.
Kíkún padà: ọ́ìlì tí ọ̀nà àbájáde rẹ̀ dí.
Mímu: ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì ń jó.
Òfìfo: ibi tí ìfúnpá ti kéré sí ti afẹ́fẹ́ ayé.
Rédíétọ̀ afẹ́fẹ́: ohun tí ó ń mú afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ tutù.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

A kò kọ iṣẹ́ yìí láti sọ olùkọ́ èdè di mẹkáníìkì. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ méjì lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín páìpù tí a nù àti tọ́bò tí a rà. Bàbá Okokomaiko kò ka ìwé ọ̀rọ̀-ìperí kankan. Èdè rẹ̀ ni ó fi ronú, ó sì ronú ire. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ rẹ̀ yóò bá a lọ bí a kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ tí ó yí i ká kò sì lè ka ìwé tí àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ kọ.

Láti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́ ní 1983, sí àwọn ṣọ́ọ̀bù tí a ń sọ yìí, kò jìnnà. Kí àwa onímọ̀ èdè mú ìwé àti bírò, kí a lọ jókòó lórí àga onígi tí ó wà níbẹ̀, kí a sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún wọn. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá lókè yìí, kí wọ́n lò ó wò. Èyí tí kò bá bọ́ sí wọn lẹ́nu, kí wọ́n dá a padà fún wa.